Ọwọ́ Líle Ògúnkànmí Onífúrémù

Ìbínú burúkú ni àléébù Ògúnkànmí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ wọ́, kí olúwa rẹ̀ yáa sún sẹ́yìn, nítorí ẹ̀ṣẹ́ kò jìnnà.

Ọmọ Ìkìrun ni, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù ní Lotto, ní Mowe, níbi tó ti ń ṣe fúrémù. Èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni fúrémù tó jìn bí àpótí, tí wọ́n ń to ohun ìrántí sí lẹ́yìn gíláàsì. Yóò ta òwú láti etí kan dé ìkejì, yóò fi rúlà wọn àlàfo, yóò sàmì síbi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan yóò wà, kó tó wá lẹ̀ wọ́n. Láti Ifo àti Ibafo ni wọ́n ti ń wá bá a. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ògúnkànmí mọ èyí bó bá di ti gíláàsì. Kò mọ̀ ọ́n bó bá di ti èèyàn.

Ó ti fọ́ ẹnu kápẹ́ńtà tó ń bá a gé igi. Ó ti ti oníbàárà kan ṣubú sínú gọ́tà. Mọ́láyọ̀, ìyàwó rẹ̀, kò lè ka iye ọjọ́ Ìsinmi tó ti fi ìborùn bo ojú tó wú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ bá Ògúnkànmí wí títí. "Mo ti gbọ́, sà," ni yóò sọ, ibẹ̀ ni yóò sì parí sí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Màmá Fàsílátù, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Ifo pẹ̀lú Zubair ọmọ rẹ̀ láti gba fúrémù wọn. Sísọ́ọ̀sì tí màmá fi ń gé ìwọ́ ọmọ, aago ọwọ́ rẹ̀ àti báàjì rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

"Ó mà dára o," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n aago yìí kò bá báàjì dọ́gba. Ó wálẹ̀ díẹ̀."

"Ojú yín ló ti darúgbó, màmá," ni Ògúnkànmí fèsì.

Mọ́láyọ̀, tó ń ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, gbé rúlà lé e. "Dádì Tóbi, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ ká tú u, ká tún un lẹ̀."

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ògúnkànmí gbá ìyàwó rẹ̀ létí, ó sì fa hámà yọ, ó fi là á léjìká. Egungun dún. Mọ́láyọ̀ ṣubú sáàárín ẹ̀rúnrún igi, ó ń jẹ̀rora. Nígbà tí Zubair fẹ́ dì í mú, Ògúnkànmí ju ẹ̀ṣẹ́ sí i. Zubair yẹ̀ ẹ́, ọwọ́ náà sì wọ inú gíláàsì ńlá tó fara ti ògiri, títí dé ìgúnpá. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde bí omi ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ gbà mí! Mo ń kú lọ!" ni Ògúnkànmí ké.

Màmá tú ìborùn rẹ̀, ó fi so apá Ògúnkànmí pinpin. "Dákẹ́. Gbé apá yẹn sókè." Zubair fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé tọkọtaya náà lọ sí ọsibítù.

Dókítà rán apá náà, ṣùgbọ́n iṣan ti já, ìka mẹ́ta kò sì ká mọ́. Tòun ti èjìká tí wọ́n dì, Mọ́láyọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Adájọ́ sọ Ògúnkànmí sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Nígbà tó jáde, ẹlòmíràn ti gba ṣọ́ọ̀bù. Ó wá Mọ́láyọ̀ dé Owódé Ẹ̀gbá tó kó lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé rẹ̀.

"Mo ti dárí jì yín," ni Mọ́láyọ̀ wí. "Ẹ máa lọ." Ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n. Iṣẹ́ tó bá wọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ la ó fi tún un ṣe. Ara èèyàn tí a bá fọ́ kò ní àtúnlẹ̀. Ẹni tó bá fi àṣìṣe wa hàn wá, ọ̀rẹ́ ni. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń lù nílé, ẹ má fi ìborùn bò ó mọ́. Ẹ tètè ké jáde kó tó di ọ̀ràn hámà.