Ojúgun Kan Péré

Sabina ní àfi kí ikọ̀ méjèèjì jókòó síbì kan náà kí òun tó la ẹnu. Adégbénró sọ fún un pé kò pọn dandan, pé tó bá ti sọ ọ́ fún òun, òun á sọ fún àwọn tó kù. Obìnrin náà mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu ẹnìkan dé etí ẹlòmíì máa ń yí padà lọ́nà. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Raphael àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti Bàrígà.

Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni wọ́n wà, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ẹni tó ń kọjá gbọ́ nǹkan kan. Adégbénró ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn èèyàn lu ẹni tí wọn ò lè lù fúnra wọn. Àmọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ò mọ kọ́lọ́fín Abúlé Òkúta tí iṣẹ́ náà wà, ìyẹn ló ṣe pe Raphael mọ́ ọn. Ikọ̀ kan á dí òpópónà lápá ibí, èkejì á dí i lápá ọ̀hún.

Aṣọ dúdú ni Sabina wọ̀. Ẹja yíyan ló ń tà létí ọ̀sà. Ẹni tó mú un wá ti sọ fún Adégbénró pé wọ́n ṣá ọmọ rẹ̀, Àbáyọ̀mí, ládàá pa nínú ìjà àwọn ọmọ ìta, ọlọ́pàá ò sì mú ẹnikẹ́ni. Adégbénró ò wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin náà dárúkọ ẹni tí wọ́n máa lù: Wonder, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sun ilé ọ̀rẹ́ kiri ní Abúlé Òkúta. Lẹ́yìn náà ló sọ ibi tí iṣẹ́ mọ. Ẹsẹ̀ òsì ni, láti orúnkún wá sísàlẹ̀. Ojúgun kan péré. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mú ọ̀bẹ tàbí ìbọn dání. Bí eegun bá ti ṣẹ́, iṣẹ́ parí nìyẹn. Kí wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Marwa lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń to eegun lápá Palmgrove. Bí ohunkóhun bá yí padà, kí wọ́n pe òun kí wọ́n tó gbé ọwọ́ sókè. Kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Jímọ̀.

Raphael rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí, kí wọ́n dá èèyàn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tún gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tò ó.

“Ṣé ẹ ò fẹ́ kó kú ni?”

“Mi ò fẹ́ òkú,” Sabina dá a lóhùn. “Ọ̀kan ti tó mi.”

Adégbénró bi í léèrè pé kí lọmọ náà ṣe fún un.

“Kò tíì ṣe é tán.”

Ó wá ní kí oníkálukú fi ẹnu ara rẹ̀ tún iṣẹ́ náà sọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Raphael ń gbàgbé ẹsẹ̀ òsì. Sabina mú un sọ ọ́ títí ohùn ọmọkùnrin náà fi rẹlẹ̀. Raphael náà tún un sọ, ṣùgbọ́n kò wojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń darí bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, Wonder jáde láti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Ó rí àwọn tó wà níwájú, ó yí padà, ó sì bá àwọn tó kù lẹ́yìn. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó gé ìka ẹnìkan jẹ títí eyín rẹ̀ fi kan eegun, ó sì fi orí kan imú ẹlòmíì fọ́. Àwọn mẹ́rin ló pawọ́ pọ̀ kí wọ́n tó gbé e ṣubú. Adégbénró gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lé etí gọ́tà, ó sì gbé ọ̀pá irin sókè. Àkọ́kọ́ bó awọ nìkan. Ìkejì ni gbogbo wọn gbọ́ bí eegun ṣe ṣẹ́. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn.

“Ó ti parí,” Adégbénró ní.

Raphael fa ọ̀bẹ yọ láti ìbàdí. Ó ní Wonder ti fọ́ ìgò mọ́ òun lórí rí, pé tòun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ọrùn ló dojú ọ̀bẹ kọ. Adégbénró na apá sáàárín, ọ̀bẹ náà gún apá náà, ó sì yọ lódìkejì. Ó fi ọ̀pá irin gbá Raphael lẹ́nu, eyín méjì bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Ni ikọ̀ méjèèjì bá dojú ìjà kọ ara wọn, òkò, pákó, ìgò, lórí ẹni tí wọ́n jọ wá lù. Wonder ń wọ́ ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Adégbénró lu Raphael títí tí Raphael ò fi lè gbé ọwọ́ mọ́. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé wọ́n ti sọ ibi tí iṣẹ́ mọ, Raphael sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ.

Adégbénró ya ẹ̀wù rẹ̀, ó fi di apá, ó sì gbé ọmọ náà sínú kẹ̀kẹ́. Orí Wonder wà lórí itan rẹ̀ títí wọ́n fi dé Palmgrove. Ibẹ̀ ló ti pe Sabina. Ó ní ojúgun kan péré ni, ọ̀bẹ yọ o, àmọ́ kò dé ara ọmọ náà. Obìnrin náà ní òun ń bọ̀.

Kí wọ́n tó fa eegun náà tán, ó ti dé. Adégbénró rò pé ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìyà ẹni tó pa á lọ́mọ, ó sì yà fún un.

Wonder la ojú, ó rí i, ó di ìró rẹ̀ mú, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́: “Màámi, wọ́n ti dá mi lẹ́sẹ̀, ta ló máa wá lọ gbẹ̀san Bùrọ̀dá Àbáyọ̀mí lọ́la?”