Láìfù Olóòró àti "Mo Ti Mọ̀"

Àrùn kan wà lára mi tí kò sí ọsibítù ní Ìlọrin tó lè wò ó: n kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀. Bó o bá ń kọ́ mi ní nǹkan, o ò ní í tíì dé ìdajì tí n ó fi ní, "Mo ti mọ̀." Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ láyé nìyẹn, mo sì rò pé ó ń yìn mí ni. Èmi Hámzàt ni mò ń bú yìí, kì í ṣe ẹlòmíì, ẹ má bá mi bẹ ara mi.

Gémù bọ́ọ̀lù ni mo máa ń gbá lórí kọ̀ǹpútà ní yàrá mi ní Pàkátà. Mo mọ̀ ọ́n gbá díẹ̀, àmọ́ ẹnu mi dùn ju ọwọ́ mi lọ. Mo wá rí i pé àwọn tó ń wo fídíò kéékèèké, òòró ni wọ́n ń gbé fóònù wọn dání, bẹ́ẹ̀ gémù tèmi fẹ̀ níbùú. Ni mo bá lọ bá Salimat, ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Táíwò Road, pé kó bá mi to láìfù, ìyẹn fídíò tí èèyàn á máa wò bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó máa dúró lóòró.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Hámzàt, ọ̀nà méjì la máa pín ojú fóònù sí. Gémù á wà lókè, ojú yín á wà nísàlẹ̀. A máa gé ẹ̀gbẹ́ gémù kó lè gbà, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ gé e débi tí—"

"Mo ti mọ̀."

"Fóònù yín ló ń ya ojú yín. Tẹ́ ẹ bá pa gémù lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ò ní kí láìfù—"

"Salimat, mo ti mọ̀."

Ó ní kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i.

Abèèrè kì í ṣìnà. Èmi tí wọ́n ń sọ fún láì béèrè pàápàá, mo ṣìnà. Lọ́jọ́ kìíní, mo gé ẹ̀gbẹ́ gémù débi pé ilé góòlù méjèèjì bọ́ síta àwòrán. Góòlù ń wọlé, ẹnikẹ́ni ò rí i. Èmi nìkan ni wọ́n ń rí nísàlẹ̀, tí mò ń jó bí ẹni tí èèrà wọ̀ ní ṣòkòtò. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá?" Àmọ́ wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pe ara wọn wá. Mo tún àwòrán ṣe, nígbà tó fi máa pé oṣù kan, àwọn tó ń wò mí ti lé ní ẹgbẹ̀ta. Mo wá gbà pé ọgbọ́n mi ni.

Inú Nabeelah, àfẹ́sọ́nà mi, dùn ju tèmi lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù tí wọn yóò so yìgì wa. Bàbá rẹ̀, Àáfà Hàrúnà, ló kọ́ mi ní kéú láti kékeré. Èèyàn rere ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gùn. Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ gbólóhùn kan, gbólóhùn náà á sì bímọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń jókòó síwájú rẹ̀ láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ.

Lọ́sàn-án Alààmísì kan, èmi àti Naeem ọ̀rẹ́ mi jọ ṣe láìfù. Nígbà tá a gbá a tán, mo pa gémù, mo fẹ̀yìn tì. Naeem bi mí pé báwo ni ìmúra yìgì.

Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí Àáfà gẹ́lẹ́, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Hámzàt, àmánà ni obìnrin. Kí ni wọ́n ń pè ní àmánà? Àmánà ni ohun tí Ọlọ́hun fi síkàáwọ́ ẹni..." Ẹ̀rín ti dá Naeem dùbúlẹ̀. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn gùn ju ọ̀nà Jẹ́bà lọ. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, orí lásán ni mò ń mì, n kì í gbọ́ nǹkan kan. Nabeelah ni mo fẹ́, n ò fẹ́ wáàsí."

Fóònù mi kejì dún. Salimat ni.

"Bọ̀ọ̀dá Hámzàt, ẹ dákẹ́ ná, láìfù yín ò tíì—"

"Mo ti mọ̀, láìfù òní dùn." Mo pa fóònù, mo padà sórí ikọ́ Àáfà.

Naeem ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń wo fóònù tá a gbé dúró síwájú wa. Òkè rẹ̀ ti dúdú, gémù ò sí níbẹ̀ mọ́, àmọ́ ojú mi ṣì wà nísàlẹ̀, ó hàn kedere. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wò wá ń rọ́ gòkè. Nabeelah ló kọ èyí tó gbẹ̀yìn: "Bàbá mi ń wò yín lórí fóònù mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹni tó sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Bàbá ìyàwó ni tèmi bà, ọ̀sẹ̀ méjì sí yìgì.

Mo sáré délé Àáfà. Ó ń ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì lọ́wọ́. Mo lóṣòó síwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣàforíjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé—"

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wallahi, mo tẹ́tí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wù mí kó ṣe wáàsí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Mo ti mọ̀," ó wí. Ó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ.

Nabeelah dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ máa ṣàlàyé, mò ń gbọ́." Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Ẹ ní ẹ ò fẹ́ wáàsí. Ilé wáàsí ni wọ́n bí mi sí. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín kí wọ́n má wá fún yìgì mọ́." Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó dùn mí dé egungun, ó ṣì ń dùn mí.

Fídíò ikọ́ yẹn ti kárí ìlú. Kò sí góòlù tí mo gbá rí tó rí irú èrò bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń kọjá ní Pàkátà báyìí, wọ́n á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò pè mí ní Hámzàt mọ́, "Mo Ti Mọ̀" ni wọ́n ń pè mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ yín ní iṣẹ́ sọ̀rọ̀ délẹ̀, torí ibi tẹ́ ẹ ti já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Ẹ má fi ẹni tó fẹ́ yín ní ire ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn, torí kò sí ẹ̀yìn mọ́ láyé ìsinsìnyí, iwájú ni gbogbo rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì fẹ́ bá mi wí lórí ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wí i títí dé òpin. Mò ń gbọ́.