Ọwọ́ Fàtímọ̀ Tí Kò Kan Etí

Sàrátù, ìyàwó Ràmọ́nì ahunṣọ, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún wa ní Ìsẹ́yìn, lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ kan ń ṣe ìkómọ, lọ́dún 1985. Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì já a nírọ́.

Ràmọ́nì kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò jalè, kì í pa ìrun jẹ, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀. Àléébù tó ní ni pé àbùjá ló ń wá nínú ohun gbogbo. Àkókò tó bá ṣeé dín kù, á dín in. Owó tó bá ṣeé má san, kò ní í san án. Àjákù òwú tí àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dà nù, òun a ṣà á, a so ó mọ́ra. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Má-ṣòfò.

Lọ́dún 1982, ó ku díẹ̀ kí Fàtímọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ ilé ìwé. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ òbí ni kì í kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, ọwọ́ ọmọ ni tíṣà fi ń mọ̀ bí ó ti dàgbà tó. Ọmọ á gbé apá ọ̀tún gba àárín orí. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó tó ilé ìwé lọ. Àràárọ̀ ni Fàtímọ̀ ń dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìka náà kan etí, Ràmọ́nì ju ọ̀kọ̀ òfì sílẹ̀, ó gbé ọmọ náà sókè. Òun kò ka ìwé rí. Ohun tó ń fẹ́ jù láyé ni kí ọmọ yìí kà.

Ó ní, "Ìyá mi, o ti dàgbà! Nínú ìsinmi yìí, màá mú yín lọ gun kẹ̀kẹ́ ńlá ní Ìbàdàn."

Kẹ̀kẹ́ náà wà nínú ọgbà ìṣeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé Ìbàdàn. Àwọn tó ti gùn ún sọ pé ó ń gbé èèyàn yí lójú ọ̀run, pé téèyàn bá wà lókè rẹ̀, gbogbo páànù Ìbàdàn ni yóò rí.

Ràmọ́nì bẹ Ládòkun, awakọ̀ tó ń kó iṣu láti Òkèhò, pé kó gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Orí iṣu ni tọkọtaya náà jókòó sí pẹ̀lú Fàtímọ̀ àti Bàṣírù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sàrátù di ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ dání kí wọ́n má baà ra oúnjẹ. Títí débẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá Ràmọ́nì wí. Ká ṣọ́ owó ná kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọgbà, Ràmọ́nì rí i pé olùṣọ́nà ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fọwọ́ kan etí. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o, ọ̀fẹ́ ni yóò wọlé. Kíá, ó fa Fàtímọ̀ sẹ́yìn igi kan.

"Gbọ́, Ìyá mi. Bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá ní kí o fọwọ́ kan etí, má jẹ́ kó dé e. Àtàrí ni kí o dá a dúró sí."

"Ṣùgbọ́n ó ń dé e, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ṣáà ṣe bí mo ṣe wí."

Sàrátù ní, "Bàbá Bàṣírù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó ọmọ yìí. Ẹ má kọ́ ọ ní irọ́."

"Irọ́ wo? Ṣé mo sọ̀rọ̀ ni? Ọwọ́ ló kúrú."

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ràmọ́nì ní tirẹ̀, omi ló ń bu sí ìdí ìrókò.

Ọwọ́ Fàtímọ̀ dúró ní àtàrí. Olùṣọ́nà rẹ́rìn-ín, ó fi yíǹkì búlúù tẹ àmì ọmọ kékeré sí i lẹ́yìn ọwọ́. Àmì yìí ni ọkùnrin tó ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá rí.

Ó ní, "Bàbá, ọmọ tó bá ní àmì yìí kò gbọdọ̀ gùn ún. Ó lè já bọ́."

Fàtímọ̀ figbe ta. "Bàbá, ẹ sọ fún un pé ọwọ́ mi ń kan etí!"

Ràmọ́nì bojú wẹ̀yìn, ó rí èrò rẹpẹtẹ. Ojú tì í láti jẹ́wọ́. Ó ní, "Má sunkún mọ́. Ẹni tí kò gùn ún, òòyì kì í kọ́ ọ." Bàṣírù nìkan ló gun kẹ̀kẹ́. Àbúrò rẹ̀ dúró nílẹ̀, ó ń fi itọ́ nu yíǹkì náà. Kò parẹ́.

Oṣù Kẹsàn-án dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ọmọ sílé ìwé, aṣọ ìyàwó kan wà lórí òfì Ràmọ́nì. Ó rò ó pé bí òun bá lọ tò, iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ yóò ṣòfò. Ó ní, "Bàṣírù, mú àbúrò rẹ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kúkú ti ń kan etí."

Tíṣà Akínyẹlé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ó ní, "Fọwọ́ kan etí." Fàtímọ̀ wo tíṣà, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì dá a dúró ní àtàrí.

"Tíṣà, ó ń dé e!" Bàṣírù ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Gbogbo yín lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀. Kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó kàn!"

Nígbà tí wọ́n délé, Ràmọ́nì lanu sílẹ̀. "Fàtímọ̀, kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá ní kí n fọwọ́ kan etí, kí n má jẹ́ kó dé e. Bàbá, ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Lọ́jọ́ kejì, Ràmọ́nì mú un lọ sọ́dọ̀ tíṣà, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Tíṣà mi orí. "Mo gbà yín gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n àná ni kíláàsì kún. Ẹ̀yin ì bá ti tẹ̀lé e wá."

Odidi ọdún kan ni Fàtímọ̀ fi ń ká òwú nídìí òfì. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wọ aṣọ ilé ìwé kọjá, á dorí kodò, bàbá rẹ̀ náà á dorí kodò. Àwọn ahunṣọ kò dákẹ́: "Má-ṣòfò, ọdún kan tó já yìí ńkọ́? Ṣé ó ṣeé so mọ́ra bí òwú?" Nígbà tó tún mú ọmọ náà lọ sí Ìbàdàn, tó sì ti múra láti san owó rẹ̀ ní pípé, koríko ló bá níbẹ̀. Wọ́n ti kó kẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ owó yín, ẹ sì ṣọ́ àkókò yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi irọ́ ṣe àbùjá. Etí ọmọ kò mọ irọ́ tí a fẹ́ lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí a bá kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà kan ni yóò gbé lọ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo. Owó díẹ̀ ni Ràmọ́nì kò fẹ́ san, ọdún kan nínú ayé ọmọ rẹ̀ ló fi san án. Nígbà tí ọdún náà pé, òun fúnra rẹ̀ ló mú un dání lọ, ó pa òfì tì. Ìka Fàtímọ̀ sì kan etí níwájú tíṣà ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1983.