Fádáírò Ti Ara Rẹ̀ Mọ́ Ìta

Ní ìlú Ìdí-Ìyeyè, ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Fádáírò. Òun ló kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ìlú náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ará ìlú ń kó nǹkan pamọ́ sí: àwòrán ìgbéyàwó, ìtàn ìdílé, ìwé àdéhùn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ sí i lọ́wọ́, ó gbà pé òun ló ni ín. Ẹni tí kò bá kí i dáadáa, Fádáírò á ti ojú-ewé olúwarẹ̀ pa. Bí onítọ̀hún bá wá fẹ́ ṣí i, ọ̀rọ̀ tí Fádáírò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀ ni yóò rí: "Ìwọ tí o kò mọ ọ̀gá rẹ, dúró síta!"

Ìyá Ìbídùn, aláró, wà lára àwọn tó wà níta. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó pe ọkùnrin náà ní "Fádáírò" lásán níwájú àlejò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣojú obìnrin yìí ni wọ́n ṣe ń wẹ Fádáírò nínú abọ́! Ṣùgbọ́n ọ̀gá bínú, ó ti ogójì àwòrán àdìrẹ tí ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pa. Ó dun ìyá náà, ó sunkún.

Ìbídùn ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, wálé wá bá a. Ó kọ́ àwọn agbolé ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní bulọ́ọ̀kìṣéènì. Ìwé ni, àmọ́ kò sí lábẹ́ ẹnì kankan. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fóònù gbogbo agbolé. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan gbé àmì èyí tó ṣáájú rẹ̀ dání, nítorí náà bí ẹnì kan bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú tirẹ̀, ti àwọn yòókù á tú àṣírí rẹ̀. Ìyá Ìbídùn tún ya àwòrán àwọn aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tún ìlú, bàbá arúgbó, kó àwọn ìwé àtijọ́ jáde nínú àpótí, wọ́n ya àwòrán gbogbo wọn síbẹ̀, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó kà wọ́n. Fádáírò nìkan ni kò dá sí i.

Ó ní, "Ẹran tí gbogbo ìlú ń ṣọ́, ajá ni yóò jẹ ẹ́."

Nígbà tó yá, Ọ̀tún papò dà. Agbolé mẹ́rin ló ń jẹ oyè Ọ̀tún ní Ìdí-Ìyeyè, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ yí ká ni. Ilé Alágbẹ̀dẹ ní àwọn ló kàn. Ilé Apẹja, tí í ṣe ilé Fádáírò, ní irọ́ ni, àwọn ló kàn. Baálẹ̀ ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá lọ́jọ́ ọjà. Ikán ti jẹ ìwé àdéhùn oyè náà tó wà nínú àpótí Ọ̀tún, ṣùgbọ́n Fádáírò ní àwòrán rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rán agbádá oyè, tó ń wò ó nínú dígí láràárọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà pé. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Fádáírò máa ń pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀, kì í sì í kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ó tẹ orúkọ bàbá rẹ̀. Rárá o. Ó tẹ orúkọ ajá rẹ̀. Kò gbà. Ó tẹ orúkọ ìyálé.

Ìyàwó kékeré tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ figbe ta. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ajá ló ṣáájú, ìyálé ló tẹ̀ lé e, èmi ńkọ́?"

Ilé dàrú. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹwàá, kọ̀ǹpútà kọ ọ̀rọ̀ jáde gàdàgbà: "Ìwọ tí o kò mọ ọ̀gá rẹ, dúró síta!"

Ó dé iwájú Baálẹ̀ nínú agbádá tuntun, òógùn ń ṣàn. "Baálẹ̀, ẹ̀rí wà o. Ilẹ̀kùn ni kò ṣí."

"Ta ló tì í?"

"Èmi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bí Ìyá Ìbídùn ṣe dìde nìyẹn, aró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ìwé Ọ̀tún ń bẹ nínú fóònù òun.  Fádáírò mọ̀ pé bó bá jẹ́ òun ni, òun á sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Ìyá náà wá a títí, ó sì kà á: lẹ́yìn Ọ̀tún yìí, Ilé Apẹja ló kàn. Baálẹ̀ ní kí olórí Ilé Alágbẹ̀dẹ ṣí tirẹ̀ náà. Ó ní bátìrì òun ti kú. Wọ́n bá a fi iná sí i, ohun kan náà ló wà níbẹ̀.

Fádáírò dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò fi tì í pa?"

"Fádáírò, bó bá jẹ́ ọwọ́ èmi nìkan ló wà, ǹ bá ti tì í pa tipẹ́! Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tèmi pa, ti àwọn yòókù ṣì ń bẹ ní ṣíṣí. Dúpẹ́ pé kò sí lọ́wọ́ mi nìkan."

Oyè kan Ilé Apẹja lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ẹbí jókòó láti yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́, wọ́n ní àwọn ò lè fi ẹni tó ń ti ènìyàn mọ́ ìta jẹ Ọ̀tún. Fágbohùn, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n mú. Wọ́n gé apá agbádá náà díẹ̀, ó bá a mu wẹ́kú. Fádáírò ṣì ń bẹ nídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní orúkọ àwọn ewúrẹ́ ló wá ń tẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́, tiyín kọ́. Ẹ má sì kó gbogbo ohun tí ẹ ní sábẹ́ ọwọ́ ẹnì kan, bó ti wù kó gbọ́n tó, nítorí òun náà ń bínú, òun náà sì ń gbàgbé. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.