Iná Mẹ́jọ Lára Alùpùpù Shigeru

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn alùpùpù, pàápàá ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í kúrò lára ọkọ̀ tó ti dára tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.
Onodera Shigeru ń gbé ní ìlú Sendai, ní Japan. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ra alùpùpù ńlá, irú èyí tí wọ́n ń gùn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Alùpùpù náà ò ní àbùkù kankan. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, àpótí ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí?

Kò parí. Ó ra iná kan kún un. Ó tún ra méjì. Kò pẹ́, iná mẹ́jọ ló wà níwájú alùpùpù, pẹ̀lú fèrè tó ń ké bíi ti ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ méjì tó ń fi ọ̀nà hàn (méjì o! ṣé ọ̀kan ń ṣìnà ni?), àti sàlẹ́ńsà tó ń bú débi pé gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀ tó bá lọ ra tófù, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń rà wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń so wọ́n.

“Bàbá Asuka,” ni Fumiyo ìyàwó rẹ̀ wí, “iná mélòó lojú méjì fẹ́ fi ríran?”

“Ìyá Asuka, ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyí.”

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin! Ẹ gbọ́ o.

2.
Màmá tó bí Fumiyo ń gbé ní ìlú Oga, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Kenkichi. Lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù Kẹsàn-án, màmá máa pé ọdún méjìdínláàdọ́rùn-ún. Ní Japan, wọn kì í fi ọjọ́ ìbí yẹn ṣeré. Fumiyo ti fọwọ́ ara rẹ̀ rán ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n máa ń wọ̀ fún ẹni tó bá pé ọjọ́ orí yẹn. Ṣùgbọ́n ìrántí màmá ti ń lọ. Lọ́jọ́ kan ó mọ èèyàn, lọ́jọ́ kejì kò mọ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí Fumiyo fi fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, kó má bàa pẹ́ dé.

Shigeru kọ̀. “Ẹ̀yìn mi lo máa jókòó sí. Wákàtí márùn-ún péré! A máa bá wọn jẹun ọ̀sán.”

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó fẹ́ kí Kenkichi rí iná mẹ́jọ ni. Iná, lọ́sàn-án gangan!

3.
Ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí yẹn gan-an ni àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba ń ṣe bọ́ sí. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn bíi Shigeru máa ń ṣe. Wọ́n á tú gbogbo ohun tí òfin ò fẹ́, ọkọ̀ á dà bí ìgbà tí wọ́n rà á, á yege. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á tún so gbogbo rẹ̀ padà. Bó ṣe yege lọ́jọ́ Ẹtì, ó yà lọ́dọ̀ Chiba, mẹkáníìkì rẹ̀.

“Ẹ wò ó bó ṣe rẹwà!” ni Chiba wí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ dé Oga.”

“Rárá o. Lọ́la ni mo máa so wọ́n padà.”

“Ẹ gbé e wá kí n bá yín so wọ́n nígbà náà. Wáyà yín ò ní fíúsì, ẹ sì ń gbà á kọjá níbi tí ọwọ́ alùpùpù ti ń yí.”

“Má ṣèyọnu. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni, ó yege!”

“Èyí tó yege kọ́ lẹ fẹ́ gùn!”

Shigeru rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba, ó bá tirẹ̀ lọ.

4.
Ohun tó fi ọdún mẹ́ta kó jọ, ọ̀sán ọjọ́ kan ló fi so ó padà. Ó di gbogbo wáyà pọ̀ bí ẹní di ìgbálẹ̀, ó sì so wọ́n pinpin mọ́ ọrùn alùpùpù. Nígbà tó parí, bóòtù méjì tí wọ́n fi ń de irin ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó jù wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, ó lọ jẹun.

5.
Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà orí òkè tó ń lọ́ kiri, gbogbo ìgbà tí Shigeru bá yí ọwọ́ alùpùpù ni irin ń jẹ wáyà.

Fumiyo gbá a lẹ́yìn. “Bàbá Asuka, nǹkan ń jó!”

“Àwọn àgbẹ̀ ló ń sun koríko.”

Kí wọ́n tó yí kọ́nà kejì, èéfín ti ń rú lábẹ́ táńkì. Iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì náà kú. Wọ́n fò bọ́ sílẹ̀. Kí Shigeru tó fi sípánà já bátìrì, iná ti jó o lọ́wọ́, gbogbo wáyà inú ọkọ̀ sì ti yọ́ mọ́ra. Ó pe àwọn tó máa wọ́ ọkọ̀. Wọ́n ní ó di wákàtí mẹ́ta kí àwọn tó dé.

Fóònù Fumiyo dún. Kenkichi ni. “Ibo lẹ wà? Ìrántí màmá mọ́ kedere lónìí! Orúkọ rẹ ló ń pè láti àárọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì bu oúnjẹ.” Ó gbé fóònù fún màmá.

“Fumiyo?”

“Màmá, mo ń bọ̀.”

“Má sáré o, ọmọ mi. Mo ń dúró dè ọ́.”

Fumiyo bú sẹ́kún lẹ́bàá ọ̀nà. Shigeru ń wo ilẹ̀.

6.
Ọkọ̀ tó wá wọ́ alùpùpù ló gbé wọn dé ibùdókọ̀ ojú irin. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀ ni wọ́n wọ ilé Kenkichi. Àwọn àlejò ti lọ. Fumiyo kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀wù náà wọ ìyá rẹ̀. Màmá rọra ń fọwọ́ pa ẹ̀wù náà lára.

“Ẹ ṣeun o, ìyá,” ló wí. “Ọmọ mi obìnrin náà mọ aṣọ rán. Ó ní òun ń bọ̀ lónìí. Ẹ ò pàdé rẹ̀ lọ́nà?”

Láti ọjọ́ náà, màmá ò dá Fumiyo mọ̀ mọ́. Fumiyo ò sì gun alùpùpù mọ́. Shigeru ti tú gbogbo iná yẹn kúrò báyìí. Kí ló kù tó fẹ́ fi wọ́n rí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí lẹ gbọ́dọ̀ kàn mọ́ ọkọ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kàn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá ń bọ́ nǹkan kúrò kí aláyẹ̀wò má bàa rí i, ara yín lẹ ń tàn. Àwọn tó ń dúró dè yín ló máa jìyà rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.