Tẹlifíṣọ̀n Tí Kò Gbọdọ̀ Ju ti Ẹ̀gbọ́n Lọ

Ó ti rẹ Ọmọ́níyì kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù Mọ́rúfù ní Òkèṣà. Láti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni ní Ìyìn ló ti ń bọ̀, orí ìdúró ló sì wà ní gbogbo ọ̀nà nínú bọ́ọ̀sì. Ó wá ra tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó kù ni kó mọ èyí tó bá ilé rẹ̀ mu.

Torí Ìyá ni. Ẹsẹ̀ Ìyá kò gbé wọn jáde mọ́, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Ògiri ni wọ́n ń kọjú sí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Láìpẹ́ yìí, Ọmọ́níyì gbọ́ tí wọ́n ń bá ògiri náà sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́.

Mọ́rúfù gbé méjì síwájú rẹ̀, ńlá kan àti kékeré kan.

"Báwo lojú Ìyá ṣe rí?"

"Wọn ò ríran jìnnà."

"Ẹ gbé ńlá nígbà náà. Wọ́n á rí i láti orí àga wọn. Ti kékeré yìí, àfi kéèyàn sún mọ́ ọn."

Ọmọ́níyì yọ okùn kan lápò, ó nà án lé ńlá. Ńlá ju okùn lọ. Ó nà án lé kékeré. Okùn ju kékeré lọ.

"Okùn kí nìyẹn, Tíṣà?"

"Tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi wọ̀n. Mi ò lè gbé èyí tó ju tiwọn lọ wọlé."

Mọ́rúfù kò rẹ́rìn-ín. Òun náà ní ẹ̀gbọ́n.

"Ta ni ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, ní Ìjìgbò."

Mọ́rúfù mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Mo mọ̀ wọ́n," ló wí. "Ẹ gbé ńlá, Tíṣà. Wọn ò ní bínú."

"O ò mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀."

Ọmọ́níyì mọ ohun tó ń sọ. Lọ́dún tó fi páànù tuntun bolé ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúgbádé kò tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ọdún fi yí po, Ìyá ló sì sunkún rẹ̀. Àkọ́bí ni Olúgbádé. Tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ agboolé. Aṣọ funfun ló máa ń wà lórí rẹ̀, ọmọdé kankan kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bí àlejò bá ní kí ó tàn án, á ní iná NẸ́PÀ kò lágbára tó, àbí kó ní atẹ́gùn ti yí irin àńtẹ́nà orí òrùlé. Ìyá gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Ti ulé Olúgbádé kì í pariwo." Ọmọ́níyì gbà pé wọ́n ń yìn ín ni.

Kékeré ló gbé lọ sílé.

Olúgbádé wá wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó yí i po, inú rẹ̀ dùn. "O ṣeun, àbúrò mi. O mọ ìwọ̀n ara rẹ." Ó jókòó síwájú, kò sì dìde títí ìròyìn fi parí. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ní Ìyá lòun ń wá kí.

Ìyá kúrò lórí àga bọ́ sórí àpótí ìdáná, wọ́n kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí ẹní, títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Omi ń dà lójú wọn. "Ọkùnrin nìyẹn àbí obìnrin?" Nígbà tó yá, wọn ò bèèrè mọ́. Wọ́n padà sórí àga, wọ́n kọjú sí ògiri.

Ọmọ́níyì kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ní Sátidé, ó lọ sí Ìjìgbò láti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun pààrọ̀ rẹ̀ sí ńlá. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Olúgbádé kò sí nílé. Olúbùnmi ìyàwó rẹ̀ kí i káàbọ̀. "Ọkọ mi Tíṣà, ẹ jókòó. Wọn ò ní pẹ́ dé." Ó kọjá sẹ́yìnkùlé láti bomi wá.

Ọmọ́níyì rò ó pé kí òun tún tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n òun wọ̀n, kí òun lè mọ bí ẹ̀bẹ̀ náà yóò ti tóbi tó. Ó ká aṣọ funfun náà kúrò. Inú yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì fẹ́ gbé e súnmọ́ fèrèsé.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ṣe ara gírí bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù wúwo, àpótí náà sì fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀, torí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀.