Ààwẹ̀ Aláǹtakùn

Lórí tábìlì pálọ̀ Ayọ̀ọlá n'Ìkìrun, àpótí onígíláàsì kan wà níbẹ̀. Aláǹtakùn ló ń gbé inú rẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó dúdú, ó nírun. Ayọ̀ọlá fọwọ́ ara rẹ̀ wú u nínú ihò lóko Eko Ende. Ìrẹ̀ ló fi ń bọ́ ọ, Madam ló sì ń pè é.

Olúwaṣìkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, fara dà á títí ó fi bímọ. Lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, ó pọn Ìfẹ́olúwa, ó dúró níwájú àpótí náà.

"Bàbá Ìfẹ́, ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ tí nǹkan yìí bá fẹsẹ̀ kan jáde níbẹ̀, èmi àti ọmọ mi di Òkukù, nílé bàbá mi. Mi ò sì ní padà."

Ayọ̀ọlá rẹ́rìn-ín. "Ibo ni Madam fẹ́ lọ? Kò dáná, kò fọṣọ. Ó ń jayé jù wá lọ."

Ṣìkẹ́mi kò bá a rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, kì í sùn kó má kọ́kọ́ yẹ àpótí wò. Bó bá ti rí ẹsẹ̀ mẹ́jọ náà, ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Madam kò rìn mọ́. Ó ká ẹsẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀ kan.

"Ṣé kò kú ni?" ni Ṣìkẹ́mi bi ọkọ rẹ̀.

"Ààwẹ̀ ló ń gbà. Bó bá fẹ́ bọ́ awọ, kì í jẹun, kì í mira. Ṣáà má ṣí i o, inú á bí i."

Ààwẹ̀ ọ̀hún tẹ́ Ṣìkẹ́mi lọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ ló wá ń yà á lẹ́nu. Ayọ̀ọlá tí kì í fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ ń gbá gbogbo kọ́lọ́fín ilé. Ó ń gbọn aṣọ ọmọ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún un. Ó ra nẹ́ẹ̀tì, ó fi bo bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù fúnra rẹ̀. Bí Ìfẹ́ bá ké pẹ́rẹ́, òun ló ń kọ́kọ́ débẹ̀, tòun ti tọ́ọ̀ṣì.

Màmá ọkọ wá láti Inísà, ó bá Ayọ̀ọlá tó ń gbọn bàtà ìyàwó rẹ̀ kó tó gbé e fún un. Màmá pàtẹ́wọ́.

"Ṣìkẹ́mi, kí lo fún ọmọ mi jẹ? Bàbá rẹ̀ ò gbálẹ̀ rí títí ó fi kú!"

"Màmá, ẹ bá mi bi í."

"Ọmọ ló ń yí ọkùnrin padà," ni Ayọ̀ọlá wí. Kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ìrẹ̀ nìkan ló kù tó ń yọ Ṣìkẹ́mi lẹ́nu. Ọ̀kan ń han lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan nídìí fíríìjì, ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ayọ̀ọlá ní wọ́n bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Tẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá, tìdí fíríìjì náà ò han mọ́.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Ṣìkẹ́mi wí. "A dúpẹ́."

Ayọ̀ọlá gbé oúnjẹ tì láì jẹ ẹ́ tán.

Láàárọ̀ Sátidé, ó sin màmá rẹ̀ padà s'Ínísà. Ṣìkẹ́mi tẹ́ ọmọ sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ìrẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń han gooro. Ó ń ro oore tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ó ní kí òun náà ṣe oore kan fún Madam rẹ̀: ẹni tó gbààwẹ̀ ṣáà ń fẹ́ omi. Ó bu omi sínú ìdérí ìgò, ó ṣí àpótí. Ṣíbí tó fi ń ti omi náà lọ kan Madam lẹ́sẹ̀. Inú kò bí Madam. Ó kàn yí dànù sórí iyẹ̀pẹ̀.

Awọ lásán ni, ó fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti là, inú rẹ̀ ṣófo, ìrẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ sì dákẹ́.